Omi Tó Kù Lábẹ́ Ọkọ̀: Bí A Ṣe Ń Gba Ọkọ̀ Ńlá Kọjá Níbi Tí Òkun Kò Ti Jìn

Ọmọ àbúrò mi ń lọ kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ní Oron. Ó wá kí mi ní Ìkọ̀gọ̀sì lọ́jọ́ Àìkú, a sì jókòó sẹ́yìn ilé níbi tí ìyàwó mi ti ń gún iyán. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yanjú ọ̀rọ̀ kan. Bí máàpù bá ní omi jìn ní mítà 14, tí ọkọ̀ sì rì ní mítà 12, ṣebí mítà 2 ló kù lábẹ́ rẹ̀?"

Mo ní kó lọ mú bírò àti ìwé wá. Ohun tí a jọ ṣe lọ́jọ́ náà ni mo kọ síbí fún ìwọ náà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí ìbéèrè yẹn ti gbé ọkọ̀ púpọ̀ gun orí àpáta, àwọn tó sì wà nínú wọn kì í ṣe òpè.

Èkìtì kò ní òkun. Òkìtì ló ní, àwọn àgbà sì sọ pé ara òkìtì náà ni orúkọ wa ti wá. Ọmọ òkìtì ló yẹ kó tètè mọ ohun tí mò ń wí, torí ìsàlẹ̀ òkun rí bí ọ̀nà Ìkéré: ilẹ̀ á tẹ́, á tẹ́, òkúta kan á sì yọrí bí Olósùnta. Olósùnta, a rí i láti ọ̀nà jíjìn. Tòkun, ìwé ìṣirò nìkan la fi ń rí i.

Omi tó wà láàárín ìdí ọkọ̀ àti ilẹ̀ òkun là ń wá. UKC là ń pè é lẹ́nu iṣẹ́; èmi yóò máa pè é ní àyè abẹ́ ọkọ̀. Kì í ṣe tiwa nìkan. Níbi tí omi kò ti jìn ni oòrùn ti ń dé ìsàlẹ̀, ibẹ̀ ni koríko òkun ti ń hù tí ìjàpá òkun ń jẹ, ibẹ̀ ni iyùn ti ń dàgbà lórí ara wọn, ibẹ̀ náà ni ẹja ń yé sí. Lọ́dún 2010, ọkọ̀ elédùú kan tí ń jẹ́ Shen Neng 1 yà kúrò lójú ọ̀nà, ó gun òkìtì iyùn kan ní Ọsirélíà tí wọ́n ń pè ní Douglas Shoal. Àárẹ̀ ló mú ẹni tó ń darí rẹ̀. Ọkọ̀ náà ń fi ara ha iyùn káàkiri kí wọ́n tó fà á kúrò, ọ̀dà olóró tí wọ́n fi kun ìdí rẹ̀ sì ṣẹ́ kù sórí iyùn náà. Kódà bí ọkọ̀ kò bá kan ilẹ̀, bó bá sún mọ́ ọn jù, abẹ̀bẹ̀ irin ẹ̀yìn rẹ̀ á ru ẹrẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ náà á sì padà bo koríko àti iyùn mọ́lẹ̀. Ohun tó ń mí lábẹ́ rẹ wà nínú ìṣirò rẹ.

Ara ọkọ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀

Nọ́ńbà wà lára ọkọ̀ níwájú, láàárín àti lẹ́yìn, lọ́tùn-ún lósì. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ga ní sẹ̀ǹtímítà 10, àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 sì wà kó tó kan èyí tó tẹ̀ lé e. Ìdí nọ́ńbà ni ìwọ̀n wà: bí omi bá kan ìdí 12, mítà 12 ni, bó bá bò ó dé orí, ó ti di mítà 12 àti sẹ̀ǹtímítà 10. Má ṣe dúró lórí dẹ́ẹ̀kì kí o tẹ orí wò ó. Sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré kí ojú rẹ bá omi dọ́gba. Omi kì í dúró jẹ́ẹ́, jẹ́ kó lọ sókè sódò nígbà bíi mẹ́wàá, kí o wá mú àárín.

Àárín ọkọ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ń fojú fò. Ọkọ̀ tí ẹrù pọ̀ láàárín rẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi pákó tí wọ́n fi la kòtò tí èèyàn wá dúró lé láàárín. Iwájú lè ka 12, ẹ̀yìn lè ka 12, kí àárín ti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó rì jù lo máa kọ sílẹ̀.

Iyọ̀

Mo ní kí ọmọ náà mú ẹyin kan wá. A bu omi ìsun sínú abọ́, a fi ẹyin sí i, ó rì lọ sísàlẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyọ̀ sí i, a ń rò ó. Nígbà tí a bu ṣíbí kẹfà, ẹyin náà gbéra, ó yí díẹ̀, orí rẹ̀ sì yọ síta omi bí ẹyọ owó. Ọmọ náà kò sọ̀rọ̀. Ó tún bu omi lásán sí i fúnra rẹ̀, ó ń wo bí ẹyin ṣe ń padà rì.

Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ nìyẹn. Omi òkun tó kún àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà kọ̀ọ̀kan wọn nǹkan bíi kílò 1,025. Omi odò wọn 1,000. Ọkọ̀ tó rì ní mítà 12 lójú òkun á fi bíi sẹ̀ǹtímítà 30 rì sí i bó bá wọ omi tí kò níyọ̀ rárá, láìsí pé ẹnikẹ́ni gbé àpò kan lé e. Lẹ́nu odò, òjò ló ń pinnu ibi tí ọ̀rọ̀ dé. Ẹni tó bá ti dúró níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti pàdé ní Ìkọ̀gọ̀sì mọ̀ pé omi méjì lè pàdé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ṣì máa jẹ́ ara rẹ̀ fúngbà díẹ̀. Lẹ́nu odò, èyí tí kò níyọ̀ á gorí, oníyọ̀ á wà nísàlẹ̀. Nítorí náà, bí o bá fẹ́ fi háídrómítà, ohun tí a fi ń mọ bí omi ṣe wúwo tó, wọn ọ́n, má ṣe bu omi òkè nìkan. Bu ti àárín, bu ti ìsàlẹ̀.

Máàpù kì í ṣe ìlérí

Nọ́ńbà ìjìn tó wà lórí máàpù òkun sábà máa ń jẹ́ ti ìgbà tí omi fà dé ibi tó lè fà dé jù. Ìyẹn dára, torí omi tó bá kún, èrè ni. Àmọ́ ta ló wọn ibẹ̀, kí ló fi wọ̀n ọ́n, ọdún wo sì ni? Máàpù ìsinsìnyí ń fi lẹ́tà sọ bí ìwọ̀n náà ṣe ṣeé gbára lé tó. Bó bá jẹ́ A1, ìwọ̀n náà lè fi ìdajì mítà àti ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìjìn náà yẹ̀. Bó bá jẹ́ B, mítà 1 àti ìdá méjì. Bó bá jẹ́ C, mítà 2 àti ìdá márùn-ún. Fi wọ́n sí mítà 14 tí a ń sọ: A1 á mú bíi sẹ̀ǹtímítà 65 lọ, B á mú bíi mítà 1.3, C á mú mítà 2.7. Mítà 2 tí ọmọ mi rò pé òun ní ti tán nínú C, ọkọ̀ kò sì tíì gbéra.

Lọ́dún 1970, ọkọ̀ elépo Oceanic Grandeur kọ lu òkúta kan ní Torres Strait, láàárín Ọsirélíà àti Papua New Guinea. Páílọ́ọ̀tì, ẹni tó mọ omi ibẹ̀ tó ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà, wà nínú rẹ̀. Òkúta náà ni kò sí lórí máàpù. Epo dà sínú omi tí àwọn ará erékùṣù ibẹ̀ ti ń pẹja, tí wọ́n sì ti ń sin ẹran inú karawun tó ń mú péálì jáde.

Ti omi kíkún, má ṣe tẹ̀ lé ìwé nìkan. Bí ibùdó náà bá ní irin tó ń wọn omi, béèrè ohun tó ń kà nísinsìnyí. Afẹ́fẹ́ tó wúwo ń tẹ òkun: bí bàrómítà, ohun tí a fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó, bá fi ìwọ̀n hectopascal 10 ga ju bó ṣe yẹ lọ, ó lè fi bíi sẹ̀ǹtímítà 10 tẹ omi sílẹ̀. Ní Torres Strait, òkun méjì ló pàdé, omi wọn kì í kún lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí sì nìyẹn tí omi ibẹ̀ fi máa ń ṣàn kíkan-kíkan.

Ìlósòó ọkọ̀

Ibí ni kí o ti dúró pẹ́, torí òun nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ pátápátá.

Bí o bá ti gun ọ̀kadà rí láti Adó lọ sí Ìkéré, tí tírélà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ kọjá pẹ̀lú eré, o mọ̀ pé ó máa ń fà ọ́ mọ́ra ni. Atẹ́gùn tó há sáàárín yín ń sáré, ohun tó bá sì ń sáré bẹ́ẹ̀, agbára tó fi ń tì máa ń dínkù. Omi náà nìyẹn. Bí ọkọ̀ ńlá bá ń lọ lórí omi tí kò jìn, omi tó wà níwájú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba abẹ́ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ padà sẹ́yìn. Àyè kò sí, ló bá sáré. Bó ṣe ń sáré ni agbára tó fi ń gbé ọkọ̀ ń dínkù, ọkọ̀ á sì lọ sísàlẹ̀. Squat ni wọ́n ń pè é. Èmi àti ọmọ Ìjẹ̀bú kan tí a jọ wà nínú ọkọ̀ a máa wí fúnra wa pé, "Ó ti ń lósòó."

Ìṣirò Barrass ni a sábà ń lò láti fi yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá. Mú ìyára ọkọ̀ ní nóòtì (ìwọ̀n eré ọkọ̀ ojú omi), sọ ọ́ di ìlọ́po ara rẹ̀, sọ ọ́ di ìlọ́po nọ́ńbà tó ń sọ bí ìdí ọkọ̀ ṣe kún tó (ọkọ̀ tó ń kó ẹrù dídà máa ń wà ní nǹkan bíi 0.8), kí o wá pín in sí 100 bó bá jẹ́ gbangba òkun, tàbí 50 bó bá jẹ́ ojú ọ̀nà tó há. Mo ní kí ọmọ náà ṣe é fún ojú ọ̀nà tó há. Nóòtì 10: mítà 1.6. Nóòtì 8: bíi mítà 1. Nóòtì 6: kò ju sẹ̀ǹtímítà 58. Ó gbójú sókè, ó ní, "Bàbá, nóòtì 4 péré ló gba mítà kan?" Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyára kì í jẹ omi lọ́kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po ara rẹ̀ ló fi ń jẹ ẹ́.

Ìyára láàárín omi ni kí o lò, kì í ṣe èyí tí GPS ń sọ. Bí omi bá ń ṣàn kọ lù ọ́ ní nóòtì 3, tí GPS ní nóòtì 6 lò ń rìn, nóòtì 9 ni omi ń gbà lábẹ́ rẹ. Ọkọ̀ tí ìdí rẹ̀ kún, bí ọkọ̀ epo tàbí ọkọ̀ ẹrù dídà, orí ló sábà fi ń lọ sísàlẹ̀. Èyí tí ara rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ̀yìn ló fi ń lọ. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ń gbà kí wọ́n kẹ́rù sí ọkọ̀ ẹrù dídà mi kí orí rẹ̀ rì ju ẹ̀yìn lọ tí a bá máa kọjá níbi tí kò jìn.

Ọkọ̀ ńlá Queen Elizabeth 2 kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́ yìí ní 1992, létíkun Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Nítòsí nóòtì 25 ló ń sá lọ. Máàpù fi hàn pé omi tó, àmọ́ òkúta kan tí kò sí lórí máàpù wà nísàlẹ̀, ọkọ̀ náà sì ti lósòó ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Títẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi nìyí. Igbákejì kejì (second mate) ni mí nígbà náà, nínú ọkọ̀ kan tí à ń gbà wọ ẹnu odò kan ní gúúsù. Èmi ni mo ṣe ìṣirò. Mo ka draft, ìyẹn bí ọkọ̀ ṣe rì tó, dáadáa, mo ka omi kíkún, mo ka ìlósòó. Kọ́nà kan wà lẹ́yìn iyanrìn ẹnu odò, a sì ní láti yí ìtọ́kọ̀ gidigidi. Ọkọ̀ tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ife tíì mi rọra sún lórí tábìlì máàpù. Mo fi ọwọ́ gbá a mú. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀, ohùn kan bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ ẹní lórí sìmẹ́ńtì. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè wá láti yàrá ẹ́ńjìnnì pé ooru ń gòkè, ẹrẹ̀ ti wọ ihò tí ẹ́ńjìnnì fi ń fa omi tútù.

A kọjá. Epo kan kò dà. Àmọ́ nígbà tí mo wẹ̀yìn, omi tó ń tẹ̀ lé wa ti di pupa rúsúrúsú bí omi àgbàrá, ó sì ń lọ tààrà sí ìdí àwọn igi etí omi oníyọ̀ tí gbòǹgbò wọn dúró gángan bí ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń ṣa ìṣáwùrù. Wọ́n dìde dúró, wọ́n ń wò wá. Mi ò gbàgbé ojú wọn.

Ohun tí mi ò kà nìyí: ọkọ̀ tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 32, bó bá fi ìwọ̀n dígírì 1 péré tẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ìdí rẹ̀ á fi sẹ̀ǹtímítà 28 lọ sísàlẹ̀. Dígírì 2, sẹ̀ǹtímítà 56. Gbé pákó gbọọrọ lérí kí o tẹ orí díẹ̀, wo bí ìdí pákó ṣe máa súnmọ́ ilẹ̀. Ìgbì òkun tó ń gbé ọkọ̀ sókè sódò náà ní tirẹ̀, fi í kún un.

Ìṣirò náà nìyí

Máàpù mítà 14, ìwọ̀n A1. Omi máa fi sẹ̀ǹtímítà 90 kún. Ìyẹn jẹ́ 14.9. Yọ 0.65 tí máàpù lè fi yẹ̀, ó ku 14.25. Ọkọ̀ rì ní 12, omi tí iyọ̀ rẹ̀ dínkù fi 0.15 kún un, ìyẹn 12.15. Ó ku 2.10.

Bí o bá rin nóòtì 10, yọ 1.6, yọ 0.28 ti títẹ̀, yọ 0.2 ti ìgbì. Sẹ̀ǹtímítà 2 ló kù. Ọmọ náà gbé ìka méjì lé ara wọn, ó ń wò wọ́n.

Bí o bá rin nóòtì 6, ó ku mítà 1 àti sẹ̀ǹtímítà 4. Ọkọ̀ kan náà, omi kan náà, ọjọ́ kan náà.

Kí o tó sọ pé èyí tó kù tó, wo òfin ibẹ̀ àti òfin ọkọ̀ rẹ, kí o sì mú èyí tó le jù. Nínú ojú omi tóóró Malacca àti ti Singapore, ọkọ̀ tó rì ní mítà 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àyè mítà 3.5. Ní Torres Strait, ọkọ̀ tó rì ju mítà 12.2 kò gbọdọ̀ kọjá, láti 2011 sì ni wọ́n ti ń lo ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi omi ìsinsìnyí ṣírò wákàtí tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan lè wọlé. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní èbúté Hay Point ní Ọsirélíà láti 1993. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò bá lè fi bírò ṣe é kò ní mọ̀ bí kọ̀ǹpútà bá jẹ draft àná.

Lọ́jọ́ tí o bá fẹ́ kọjá

Jẹ́ kí ìwọ àti páílọ́ọ̀tì fi ìwé síwájú ara yín kí ẹ tó gbéra. Bi í pé nóòtì mélòó ló fẹ́ rìn, níbo. Bí nọ́ńbà yín bá yàtọ̀, ẹ yanjú rẹ̀ nígbà tí omi ṣì jìn. Fi àmì sí ibi tí ẹ ti lè yí padà lórí máàpù; lẹ́yìn ibẹ̀ kò sí yíyí mọ́, nítorí náà kí ẹ débẹ̀ kí ẹ tún wo omi, afẹ́fẹ́ àti ìyára kí ẹ tó gbà á.

Sọ fún yàrá ẹ́ńjìnnì kí wọ́n ti ihò ìsàlẹ̀ kí wọ́n sì ṣí ihò òkè tó ń fa omi tútù, kí ohun tó ṣe mí má bàa ṣe ọ́. Kí èèyàn kan dúró ti ìdákọ̀ró níwájú. Wo bí wọ́n ṣe to echo sounder, ẹ̀rọ tó ń fi ìró wọn bí omi ṣe jìn tó: ṣé láti ojú omi ló ń kà ni àbí láti ìdí ọkọ̀? Èyí tí wọ́n bá tò láti ojú omi á máa ka 14 fún ọ, inú rẹ á dùn, ìdí ọkọ̀ á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà, fi ara gbọ́ ọkọ̀. Bí omi bá ti ń tán lábẹ́ rẹ̀, ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ìtọ́kọ̀ á di ọ̀lẹ, wàá yí i kó tó dá ọ lóhùn. Ìyára á já láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Omi ẹ̀yìn á yí àwọ̀ padà. Bí o bá rí èyíkéyìí nínú wọn, dín ìyára kù díẹ̀díẹ̀. Má ṣe já a lójijì, torí ìgbì tó ń tẹ̀ lé ọ lè lé ọ bá kó sì gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ kúrò lójú ọ̀nà. Ìyára kékeré náà ló ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ sùn, kí ìgbì rẹ má sì fọ́ etí bèbè níbi tí àwọn èèyàn so ọkọ̀ ọpọ́n wọn mọ́.

Tí o bá kọjá tán, má tíì lọ sùn. Kọ àyè tó kéré jù tí echo sounder kà sílẹ̀, ibi tí o wà, aago, gíga omi, ìyára, kí o sì fi í wé ohun tí ìṣirò rẹ sọ. Bí ibì kan bá wà tí kò jìn tó bí máàpù ṣe wí, fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ tó ń ṣe máàpù òkun ibẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, torí ọkọ̀ mìíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ pẹ̀lú máàpù kan náà.